Páìnì wo lẹ fẹ́ gbìn sílé? Yíyan igi àti títọ́jú rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹni tó bá lọ bá àwọn onífúláwà ní Ògbómọ̀ṣọ́ pé òun fẹ́ ra páìnì, wọ́n lè kó igi mẹ́rin tí kò bá ara wọn tan síwájú rẹ̀, kí wọ́n sì pe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní páìnì. Ó lè má sí páìnì gidi kan nínú wọn. Ìyẹn nìkan kò burú, torí páìnì gidi kọ́ ló yẹ ọ̀pọ̀ ilé. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́ ni kéèyàn gbin igi tó lè ga tó ẹsẹ̀ bàtà 90 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣókáwéè, torí pé lọ́jọ́ tó rà á, inú náílọ́ọ̀nù ló wà, kò sì ga dé orúnkún.

Ẹ yẹ ewé wò kí ẹ tó sanwó

Ewé páìnì gidi dà bí abẹ́rẹ́ gígùn, nǹkan bí ínǹṣì 6 sí 10, tí ìdì kọ̀ọ̀kan so pọ̀ nídìí bí ìgbálẹ̀ kékeré. Ẹ já ìdì kan, kí ẹ ka abẹ́rẹ́ inú rẹ̀. Pinus caribaea, tó wá láti Cuba, Bahamas àti Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà, tó sì wà lára àwọn páìnì tí wọ́n gbìn jù sínú igbó ọba ní Nàìjíríà, sábà máa ń ní mẹ́ta nínú ìdì kan. Tí ọmọ igi náà bá kéré gan-an, tí kò ju oṣù díẹ̀ lọ, abẹ́rẹ́ rẹ̀ ṣì lè máa dá dúró lọ́kọ̀ọ̀kan. Irú èyí, ẹ má rà á àyàfi tí ẹ bá mọ ẹni tó gbìn ín.

Èyí tí wọ́n ń pè ní whistling pine, Casuarina ni. Ó ń súfèé tí atẹ́gùn bá gba inú rẹ̀ kọjá, ibẹ̀ ni orúkọ yẹn ti wá. Ohun tó jọ abẹ́rẹ́ lára rẹ̀ kì í ṣe ewé, ẹ̀ka tín-ín-rín ni. Ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ fi ọwọ́ méjèèjì fà á díẹ̀: á yọ ní oríkèé, bí ìgbà tí wọ́n yọ ìdérí bírò. Ẹ wo ibi tó ti yọ, ẹ ó rí eyín wẹ́wẹ́ mẹ́fà sí mẹ́jọ tó yí i ká. Àwọn eyín yẹn gan-an ni ewé rẹ̀. Ìdánwò yìí kò gba ju ìṣẹ́jú kan lọ, kò sì sí oníṣòwò tó lè fi ẹnu yí i padà.

Igi Kérésìmesì, ìyẹn Araucaria, máa ń yọ ẹ̀ka ní ìpele ìpele, ìpele kan á wà, àlàfo á tẹ̀ lé e, kí òmíràn tó tún bẹ̀rẹ̀. Thuja ní ewé pẹlẹbẹ bí ẹni pé wọ́n fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́, tó dúró lóòró bí ìwé tí wọ́n tò sórí pẹpẹ. Ilẹ̀ Ṣáínà ló ti wá. Àwọn kan tún máa ń ta masquerade tree bíi páìnì, igi gbọọrọ tí ewé rẹ̀ fẹ̀, tí etí ewé náà ń ṣe wọ́kuwọ̀ku, tó sì rọ̀ wálẹ̀ bí aṣọ eégún. Ẹbí sáwásọ́ọ̀pù nìyẹn. Igi tó dáa ni, àmọ́ ẹni tó bá pè é ní páìnì fún yín kò mọ igi, ẹ má bi í léèrè ọ̀rọ̀ ajílẹ̀.

Bí àyè ilé ṣe tó

Ká ní pulọ́ọ̀tì yín jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 ní 100. Tí ilé, kànga, ṣókáwéè àti ibi ìgbọ́kọ̀sí bá ti gba tiwọn, ohun tó máa ń kù kò ju ọ̀nà tóóró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì àti ìwọ̀nba ilẹ̀ níwájú ilé. Fún ẹ̀gbẹ́ fẹ́ǹsì, Thuja ni ká gbìn, tàbí masquerade tree tó ń ga láì fẹ̀. Thuja tí a fi ẹsẹ̀ bàtà 3 ya ara wọn máa ń pàdé láàárín ọdún mélòó kan, kí ẹ sì fi ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà 3 sílẹ̀ láàárín òun àti ògiri kí ọwọ́ lè dé ẹ̀yìn rẹ̀ nígbà tí ẹ bá fẹ́ gé e. Ibi tí ọwọ́ kò bá dé ni kòkòrò máa ń sá sí.

Araucaria kan ṣoṣo níwájú ilé ti tó. Ẹ gbé e jìnnà sí ògiri tó ẹsẹ̀ bàtà 15 sí 20, kí ẹ sì gbójú sókè kí ẹ tó gbẹ́ ihò: tí wáyà iná bá gba orí ibẹ̀ kọjá, ẹ wá ibòmíràn. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, àwọn òṣìṣẹ́ iná á gé ṣóńṣó rẹ̀ dànù, igi náà kò sì ní lẹ́wà mọ́ láé.

Casuarina kò yẹ ọgbà kékeré àyàfi tí ẹ bá fẹ́ máa gé e bíi fẹ́ǹsì ewé. Ibi tó ti wúlò jù ni ìgbèríko ìlú, níbi tí ilé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sún dé, tí wọ́n ti gé gbogbo igi kúrò nílẹ̀ tán kí wọ́n tó kọ́lé, bí irú àwọn ilé tó wà lẹ́yìn àdúgbò Under G. Ní oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ìjì máa ń ká páànù níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìjì yìí ń ti ìhà ìlà-oòrùn wá. Ìlà Casuarina méjì ní ìhà yẹn, kí ẹsẹ̀ bàtà 6 sí 8 wà láàárín igi sí igi, kí ti ìlà kejì dojú kọ àlàfo ti ìlà kìn-ín-ní, máa ń dín agbára ìjì kù. Ẹ má gbìn wọ́n há bí ògiri. Atẹ́gùn tó bá gba inú ewé kọjá á rọ̀, èyí tó bá kọlu ohun tó dí pátápátá á fo orí rẹ̀ kọjá, á sì já lu páànù. Ẹ fi ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà 30 sílẹ̀ sí ilé.

Ẹni tó bá sì ní Casuarina nítòsí gọ́tà, kó múra gbígbá. Ohun tó ń já sílẹ̀ lára rẹ̀ pọ̀, koríko kì í fẹ́ hù lábẹ́ rẹ̀, èso rẹ̀ kéékèèké sì máa ń gún ọmọdé tó bá ń rìn láìwọ bàtà.

Páìnì gidi: ẹni tó ní ilẹ̀ ló ni ín

Páìnì gidi ń fẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 30 yíká, kó jìnnà sí ilé, sí wáyà, àti sí ibi tí wọ́n ti ń dáná sun ìdọ̀tí. Abẹ́rẹ́ gbígbẹ tó já sílẹ̀ ní epo nínú, ó ń tètè gbiná. Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀, kó ka apá yìí fún ìmọ̀ lásán.

Ilẹ̀ ló kọ́kọ́ ń dá páìnì dúró. Ó fẹ́ ilẹ̀ tó kan díẹ̀ (acidic), tí omi kì í dúró sí. Àyíká ilé tuntun kò rí bẹ́ẹ̀, torí pé símẹ́ǹtì tó dànù nígbà tí wọ́n ń mọ búlọ́ọ̀kù àti nígbà tí wọ́n ń rẹ́ ògiri ti mú kíkan ilẹ̀ náà kúrò. Páìnì tí wọ́n gbìn sórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ á máa yọ ewé tó ṣá, tó ń di àwọ̀ ìyeyè, nítorí pé gbòǹgbò rẹ̀ kò rí èròjà irin (iron) inú ilẹ̀ fà mọ́. Ilẹ̀dú orí àkìtàn náà kò dáa fún un, torí eérú tó wà nínú rẹ̀. Casuarina kò ka èyí sí. Ó lè gbé orí ilẹ̀ onísímẹ́ǹtì àti ilẹ̀ iyọ̀ etí òkun.

Ohun kejì kò ṣeé fojú rí. Páìnì kì í dá jẹun. Olú kan wà lábẹ́ ilẹ̀ tó máa ń wé mọ́ gbòǹgbò rẹ̀, tó ń bá a wá oúnjẹ, pàápàá fọ́sfọ́rọ́ọ̀sì, kí páìnì náà sì fún un ní ṣúgà. Ilẹ̀ tí páìnì kò gbé hù rí kò ní olú yìí. Ohun tó da ọ̀pọ̀ páìnì tí wọ́n kọ́kọ́ gbìn ní Áfíríkà láàmú nìyẹn: wọ́n á hù, wọ́n á ga bí ìka ọwọ́, wọ́n á pọ́n, wọ́n á sì dúró sójú kan títí wọ́n á fi kú. Àfìgbà tí wọ́n bu ilẹ̀ abẹ́ páìnì tó ti dàgbà wá ni nǹkan tó yí padà.

Nítorí náà, ẹ wá ibi tí páìnì àgbà wà, kí ẹ ro ewé gbígbẹ ojú ilẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ sì bu ilẹ̀ ínǹṣì mẹ́rin àkọ́kọ́, níbi tí gbòǹgbò wẹ́wẹ́ àti ohun funfun bí òwú ti lọ́ mọ́ra. Ìwọ̀n kan nínú mẹ́wàá ti tó láti pò mọ́ ilẹ̀ náílọ́ọ̀nù. Fún igi tó ń lọ sínú ilẹ̀, ẹ̀kúnwọ́ méjì sí ẹ̀gbẹ́ gbòǹgbò. Ẹ gbé e sínú àpò tó tutù, kí ẹ lò ó láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ẹni tó bá sá a sóòrùn ti pa á. Ní Jericho, Ìbàdàn, ni iléeṣẹ́ ìwádìí nípa igbó ti ìjọba àpapọ̀ wà. Ibẹ̀ ló yẹ kéèyàn ti kọ́kọ́ béèrè ohun irúgbìn, torí pé lágbègbè tiwa, èso páìnì tó ń so nílẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ máa ń ṣófo lọ́pọ̀ ìgbà.

Ohun kan tún wà tó máa ń ba àwọn èèyàn lẹ́rù. Nínú ooru ilẹ̀ wa, Pinus caribaea kan lè máa ga lọ sókè láì yọ ẹ̀ka, bí ìrù kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tó nà. Àìsàn kọ́, ajílẹ̀ kò sì lè wò ó. Àwọn mìíràn á yọ ẹ̀ka níkẹyìn, ìjì á ṣẹ́ àwọn mìíràn láàárín. Ẹ gbin mẹ́ta níbi tí ẹ ti fẹ́ ọ̀kan, kí ẹ yọ èyí tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta.

Ọmọ igi tó dáa

Èyí tó ga jù ní nọ́sìrì kọ́ ló dáa jù. Ẹ wá èyí tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà kan sí méjì, tí ọrùn rẹ̀ le, tó lè dúró láì fi igi tì í. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé náílọ́ọ̀nù náà sókè díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì fetí sílẹ̀. Tí ẹ bá gbọ́ “páù”, tí nǹkan já nísàlẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ ti wọ ilẹ̀ lọ, ẹ̀yin náà lẹ já a yẹn. Ẹ gbé e kalẹ̀, kí ẹ mú òmíràn.

Èyí ló ń fa ọ̀pọ̀ ìjà láàárín oníbàárà àti onífúláwà. Páìnì, Thuja àti Araucaria kì í rọ bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n bá kú. Igi tí gbòǹgbò rẹ̀ ti já lè máa tutù lójú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ẹ máa bu omi rin òkú. Láti mọ̀, ẹ fi èékánná ha èèpo ìdí rẹ̀ díẹ̀: tó bá jẹ́ tútù, tó lómi, ó wà láàyè; tó bá jẹ́ bíi ti igi ìdáná, ó ti lọ.

Ẹ tún yẹ Araucaria wò bóyá ó ní ṣóńṣó kan tó dúró gangan láàárín. Èyí tí wọ́n bá fi ẹ̀ka ẹ̀gbẹ́ gbìn á máa nà gbalaja bí ẹ̀ka títí ayé rẹ̀, kò ní dìde dúró. Ìdí nìyẹn tí Araucaria tó ní ṣóńṣó gidi fi máa ń wọ́n ju àwọn yòókù lọ.

Ihò àti ìgbà tí a ń gbìn

Ẹ má gbìn ín ní òjò àkọ́kọ́. Òjò oṣù kẹta máa ń tan èèyàn, á rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, á sì dá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àárín oṣù karùn-ún sí ìparí oṣù keje ló dáa. Ẹni tó bá gbìn ín ní oṣù kẹwàá kò fún gbòǹgbò rẹ̀ láyè kí ọyẹ́ tó dé.

Ẹ gbẹ́ ihò tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 2, tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀. Ilẹ̀ dúdú òkè, ẹ dà á sápá kan; ilẹ̀ pupa abẹ́ rẹ̀, sápá kejì. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, dígà á kan yangí kí ihò tó jìn tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má kàn gbẹ́ ibẹ̀ bí ìkòkò, kí ẹ gbin igi sínú rẹ̀. Ẹ da bọ́kẹ́ẹ̀tì omi méjì sí i lálẹ́. Tó bá ti gbẹ láàárọ̀, ó dáa. Tí omi bá ṣì wà níbẹ̀, gbòǹgbò á rà ní oṣù kẹsàn-án. Ẹ la yangí náà síwájú, tàbí kí ẹ kó ilẹ̀ jọ bí ebè ńlá tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà kan, tó fẹ̀ tó mẹ́rin, kí ẹ sì gbin igi sórí rẹ̀.

Fún Thuja, Araucaria àti Casuarina, ẹ po ilẹ̀ dúdú páànù mẹ́ta mọ́ ìgbẹ́ màlúù páànù kan tó ti pé oṣù mẹ́fà, tí kò rùn mọ́. Ìgbẹ́ adìyẹ tútù ń jó gbòǹgbò. Páìnì gidi, ilẹ̀ dúdú àti ilẹ̀ abẹ́ páìnì nìkan. Ẹ má fún un ní ìgbẹ́ adìyẹ, ẹ má fún un ní eérú. Casuarina náà ní alábàágbé tirẹ̀ nínú gbòǹgbò, tó ń bá a fa náítírójìn láti inú atẹ́gùn, torí náà ẹ̀kúnwọ́ ilẹ̀ abẹ́ Casuarina àgbà ń ṣe é lóore.

Bu omi rin ọmọ igi náà ní wákàtí kan ṣáájú. Fi réésà la náílọ́ọ̀nù láti òkè dé ìsàlẹ̀. Má fà á yọ. Tí gbòǹgbò bá ti ń yí po nísàlẹ̀ bí òṣùká, fi réésà gé èyí tó yí po yẹn kúrò, torí bí wọ́n ṣe yí ni wọ́n á ṣe máa yí lọ títí wọ́n á fi fún igi lọ́rùn lọ́jọ́ iwájú. Gbé e sínú ihò kí ojú ilẹ̀ rẹ̀ àti ojú ilẹ̀ ọgbà dọ́gba. Ọrùn igi tí ilẹ̀ bò máa ń jẹrà. Fi ọwọ́ tẹ ilẹ̀ mọ́ ọn, kì í ṣe ẹsẹ̀, kí o sì da bọ́kẹ́ẹ̀tì omi kan sí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kódà tí òjò bá ń ṣú.

Ọyẹ́ àkọ́kọ́

Láti oṣù kọkànlá títí òjò á fi tún dúró dáadáa, igi kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ omi lítà 20 lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ẹ da lítà 20 náà lẹ́ẹ̀kan náà, kó wọlẹ̀ jìnnà. Ife omi ojoojúmọ́ ń kọ́ gbòǹgbò láti máa gbé òkè ni. Níbi tí kànga ti ń gbẹ ní oṣù kejì, ẹ ṣírò omi yín kí ẹ tó pinnu iye igi. Igi mẹ́wàá jẹ́ kẹ́gì ńlá mẹ́jọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Omi ìfọṣọ tó ní ọṣẹ kò dáa fún páìnì.

Koríko gbígbẹ tàbí ewé kajú tó nípọn tó ínǹṣì mẹ́ta máa ń mú kí ìdí igi tutù, àmọ́ ikán fẹ́ràn rẹ̀ ju bí igi ṣe fẹ́ràn rẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí ó jìnnà sí ìdí igi tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan, kí ẹ sì máa ṣí i wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Tí ẹ bá rí amọ̀ tín-ín-rín tó ń gun èèpo lọ, ẹ nù ún kúrò, kí ẹ kó gbogbo koríko náà dànù, kí ẹ sì bu omi sí i dáadáa, torí igi tí òùngbẹ ń gbẹ ni ikán máa ń kọ́kọ́ mú. Tí òkìtì ikán bá wà nínú ọgbà, ẹ gbẹ́ ẹ títí ẹ ó fi kan yeye ikán. Ẹni tó bá fọ́ orí òkìtì nìkan, ẹ̀yìn ọ̀sẹ̀ méjì ló máa tún rí i.

Ewúrẹ́ kò nílò àlàyé. Ẹ yí igi ká kí wọ́n tó rí i.

Thuja ló máa ń jìyà kòkòrò jù nígbà ọyẹ́. Tó bá ń pọ́n láti inú bọ̀ wá síta, ẹ di bébà funfun mú sábẹ́ ẹ̀ka kan, kí ẹ gbọn ẹ̀ka náà sórí rẹ̀. Tí iyẹ̀pẹ̀ orí bébà bá ń rìn, kòkòrò bí aláǹtakùn ni. Ẹ fi họ́ọ̀sì fọ igi náà láàárọ̀, inú àti ìta, lẹ́ẹ̀kan lọ́jọ́ mẹ́ta, títí bébà á fi mọ́. Àpò kéékèèké tí wọ́n fi ewé gbígbẹ hun, tó ń fì lára ẹ̀ka, kì í ṣe èso. Ìdin tó ń jẹ ewé wà nínú rẹ̀. Ẹ já wọn lọ́kọ̀ọ̀kan sínú omi ọṣẹ. Èyí tí ẹ bá jù sílẹ̀ á tún gun igi padà.

Gígé

Thuja àti páìnì kì í yọ ewé lára igi tó ti pọ́n. Apá tó ní ewé tútù nìkan ni kí ẹ gé. Ẹni tó bá ge Thuja wọnú ti dá ihò sí i lára nìyẹn. Ẹ má fọwọ́ kan ṣóńṣó Araucaria rárá. Tó bá sì jẹ́ Araucaria columnaris, irú èyí tó tín-ín-rín bí òpó, tó ń tẹ̀ díẹ̀ sí ìhà gúúsù, ẹ má fi okùn fà á. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn: níbikíbi tó bá wà láyé, ìhà agbedeméjì ayé ló sábà máa ń tẹ̀ sí.

Casuarina tí ẹ fẹ́ fi ṣe fẹ́ǹsì ewé, ẹsẹ̀ bàtà 2 sí 3 láàárín ara wọn. Nígbà tó bá ga tó ẹsẹ̀ bàtà 4, ẹ gé ṣóńṣó rẹ̀ kí ìsàlẹ̀ lè nípọn, kí ẹ sì máa gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní oṣù karùn-ún àti oṣù kẹsàn-án, kí ìsàlẹ̀ fẹ̀ ju òkè lọ. Tí òkè bá fẹ̀, ìsàlẹ̀ kò ní rí oòrùn, á sì di igi ìhòòhò. Èyí tí ẹ bá jẹ́ kó ga kọjá orúlé kí ẹ tó rántí àdá ti di igi ńlá. Kùkùté Casuarina kì í sábà hù padà, torí náà ẹ gbin òmíràn sínú náílọ́ọ̀nù kí ẹ tó gbé àáké sí i.